Ìdí Tí Àwọ̀ Pupa Fi Ń Bọ́ Mọ́ Kámẹ́rà Lọ́wọ́

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo máa ń fi kámẹ́rà mi ya òdòdó, ẹyẹ àti ohun yòówù tí mo bá rí lójú ọ̀nà. Gbogbo àwọ̀ ló ń jáde bó ṣe yẹ, àfi pupa. Bí mo bá dúró ti òdòdó pupa, mo ń rí iṣan tín-ín-rín tó wà lára ewé rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n bí mo bá yà á tán, ńṣe ni gbogbo rẹ̀ máa ń dà pọ̀ bí ìgbà tí èèyàn da ọ̀dà sórí pákó. Ṣé kámẹ́rà mi ló ní àléébù ni, tàbí ọwọ́ mi ni kò tíì mọ̀ ọ́n? Àwọn kan tún ní kí n máa wá ohun pupa sínú gbogbo àwòrán torí pé ó ń fa ojú. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Ìdáhùn: Kámẹ́rà yín kò ní àléébù. Ohun tí ẹ sọ yìí kó ìdààmú bá èmi náà nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ya òdòdó, ó sì pẹ́ kí n tó mọ̀ pé kì í ṣe ọwọ́ mi ló ń gbọ̀n, kì í sì í ṣe lẹ́ǹsì ni kò mọ́. Pupa wà lára àwọ̀ tí kámẹ́rà ń fi ojú tó kéré wò, òun náà sì ni àwọ̀ tó lè ti pọ̀ jù kí kámẹ́rà má sì kìlọ̀ fún yín. Ẹni tó bá mọ ohun méjèèjì yìí yóò mọ ìdí tí mo fi máa ń sọ pé kí pupa kéré díẹ̀ ju bí ọkàn ṣe fẹ́ lọ, yálà ní ti ìmọ́lẹ̀ tí a fún un, tàbí ní ti àyè tí ó gbà nínú àwòrán.

Sẹ́ńsọ̀, ìyẹn ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà, ní ojú kéékèèké tó pọ̀, ṣùgbọ́n àwọn ojú náà kò mọ àwọ̀ rárá. Bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pọ̀ tó tàbí bó ṣe kéré tó nìkan ni wọ́n mọ̀. Kí wọ́n tó lè dá àwọ̀ mọ̀, a ní láti fi asẹ́ aláwọ̀ tó kéré jọjọ bo ojú kọ̀ọ̀kan, kí asẹ́ náà lè jẹ́ kí àwọ̀ kan kọjá, kí ó sì dá ìyókù dúró. Bryce Bayer, onímọ̀ kan ní ilé-iṣẹ́ Kodak ní Amẹ́ríkà, ni ètò tí ọ̀pọ̀ jù lọ kámẹ́rà ń lò di òní yìí ti ọwọ́ rẹ̀ wá, ọdún 1976 sì ni a fún wọn ní ìwé-ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀. Nínú ojú mẹ́rin-mẹ́rin, Bayer fi asẹ́ àwọ̀ ewéko bo méjì, ó fi ti búlúù bo ọ̀kan, ó sì fi ti pupa bo ọ̀kan tó kù, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ àwọ̀ ewéko ni ojú ọmọ èèyàn fi ń rí kúlẹ̀kúlẹ̀ nǹkan jù lọ. Ètò náà mọ́gbọ́n dání. Ṣùgbọ́n bí ohun tí ẹ ń yà bá pupa fòò, tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní àwọ̀ mìíràn nínú, ojú kan péré nínú mẹ́rin ló ń ṣe iṣẹ́ gidi. Mẹ́ta yòókù fẹ́rẹ̀ẹ́ wà nínú òkùnkùn, kámẹ́rà a sì máa fojú bu ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ tó ní ojú mílíọ̀nù 24 ń fi mílíọ̀nù 6 péré wo òdòdó yín.

Èyí nìkan kò tó láti sọ òdòdó di ọ̀dà, torí mílíọ̀nù 6 ṣì tó ohun tí a fi ń rí iṣan ewé. Àkúnwọ́sílẹ̀ gan-an ni ẹlẹ́ṣẹ̀. Ẹ wò ó bí igbá mẹ́ta tí a gbé síta nígbà òjò, ọ̀kan fún pupa, ọ̀kan fún àwọ̀ ewéko, ọ̀kan fún búlúù. Ìmọ́lẹ̀ tó ń ti ara òdòdó pupa bọ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ kán sínú igbá méjì yòókù, ṣùgbọ́n igbá pupa ti kún dé ẹnu, ohun yòówù tó bá sì tún rọ̀ sínú rẹ̀, ilẹ̀ ló ń dà sí. Nínú JPEG, ìyẹn irú fáìlì tí kámẹ́rà sábà máa ń fi àwòrán pamọ́ sí, 255 ni nọ́ńbà tó ga jù lọ fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí ibi tó mọ́lẹ̀ jù lára ewé òdòdó bá jẹ́ 255, tí ibi tí iṣan gbà kọjá náà tún jẹ́ 255, ìyàtọ̀ tó yẹ kó fi iṣan hàn ti parẹ́, kò sì sí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kankan tó lè dá a padà.

Ẹ lè béèrè pé kí ló dé tí kámẹ́rà kò kìlọ̀. Histogram, ìyẹn àwòrán tó rí bí òkè, tó ń fi bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pọ̀ sí hàn lẹ́yìn kámẹ́rà, sábà máa ń jẹ́ àròpọ̀ àwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a kò sì pín ìwọ̀n náà dọ́gba fún wọn. Nínú ìṣirò tí a jogún láti inú iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, àwọ̀ ewéko ló ń kó nǹkan bí 59 nínú ọgọ́rùn-ún, pupa ń kó 30, búlúù ń kó 11. Pupa lè kún dé ẹnu nígbà náà, kí àròpọ̀ náà má sì tíì dé ìdajì. Ẹ̀rọ tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ fún kámẹ́rà lè tipa bẹ́ẹ̀ gbà pé òdòdó náà ṣókùnkùn, kí ó sì tún fi ìmọ́lẹ̀ kún un, bí ẹni tó ń da omi sínú igbá tó ti ń ṣàn sílẹ̀.

Ohun tí èmi ń ṣe rèé. Mo máa ń ṣí histogram tó ya àwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ kámẹ́rà ń pè ní RGB, mo sì ń wo ti pupa nìkan. Bí ó bá ti rọ̀ mọ́ ògiri ọwọ́ ọ̀tún, mo máa ń dín ìmọ́lẹ̀ kù ní ìdá méjì nínú mẹ́ta stop kan, tàbí stop kan odindi (bí ẹ bá dín stop kan kù, ìmọ́lẹ̀ di ìdajì), títí tí àyè díẹ̀ yóò fi wà láàárín rẹ̀ àti ògiri. Àwòrán náà yóò ṣókùnkùn díẹ̀ lójú yín. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìyẹn bà yín lẹ́rù, nítorí pé ewé tútù tó yí òdòdó ká ṣeé tàn sí i nígbà tí ẹ bá délé, ṣùgbọ́n pupa tó ti kún kò ṣeé gbà padà. Bí ó bá jẹ́ fóònù lẹ mú dání, ẹ fi ìka tẹ ojú òdòdó náà, kí ẹ wá fa àmì oòrùn tó bá yọ síbẹ̀ wálẹ̀ títí iṣan yóò fi hàn.

Bí kámẹ́rà yín bá gbà á, ẹ máa ya RAW, ìyẹn fáìlì tó ń pa ohun tí sẹ́ńsọ̀ gbà mọ́ bó ṣe wà. Nígbà tí kámẹ́rà bá ń ṣe JPEG, ó máa ń sọ iye pupa di púpọ̀ kí àwọ̀ lè bá irú ìmọ́lẹ̀ tó wà níbẹ̀ mu. Lábẹ́ oòrùn, ó lè sọ ọ́ di nǹkan bí ìlọ́po méjì, bí ẹ bá sì yan white balance (ètò tó ń mú àwọ̀ bá irú ìmọ́lẹ̀ mu) ti ibòòji, yóò tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí pupa tó kún nínú JPEG fi lè wà láìkún nínú RAW, tó sì jẹ́ pé JPEG ni histogram ẹ̀yìn kámẹ́rà ń kà, kódà bí RAW nìkan lẹ bá ń yà. Ẹ sì bá mi pa ètò tí wọ́n ń pè ní Vivid. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń ti àwọ̀ síwájú, pupa tó ti wà ní bèbè kòtò ló sì ń kọ́kọ́ tì.

Ẹnì kan lè gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ yí kámẹ́rà sí Adobe RGB, ọ̀kan lára àwọn ètò tó ń pààlà sí àwọ̀ tí àwòrán lè gbé, kí pupa lè rí àyè sí i. Mo ti gbọ́ ìmọ̀ràn yìí lẹ́nu àwọn tó yẹ kí wọ́n mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú kan náà ni sRGB, ètò irú rẹ̀ tí kámẹ́rà sábà máa ń lò, àti Adobe RGB fi pupa wọn sí. Ìhà àwọ̀ ewéko ni èkejì ti gbòòrò ju èkíní lọ. Display P3, tí ọ̀pọ̀ fóònù ìsinsìnyí ń lò, ló ní pupa tó jinlẹ̀ ju ti àwọn méjèèjì lọ, ó sì lè ṣẹlẹ̀ nítorí náà pé òdòdó tó dára lójú fóònù yín yóò tún di bátabàta lójú kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn. JPEG náà tún ní ìwà tirẹ̀: ó máa ń pa ìmọ́lẹ̀ àwòrán mọ́ ní kíkún, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà ó máa ń dín kúlẹ̀kúlẹ̀ àwọ̀ kù sí ìdajì ní ìbú àti ní òró. Ìyẹn ló fà á tí lẹ́tà pupa lórí ilẹ̀ dúdú fi sábà máa ń rí bíi pé omi kàn án.

Irú ìmọ́lẹ̀ tí ẹ fi ya òdòdó pupa ṣe pàtàkì tó ohun tí ẹ yí lára kámẹ́rà, èmi a tiẹ̀ máa rò pé ó ṣe pàtàkì jù ú lọ. Oòrùn ọ̀sán gangan máa ń fi ìtànṣán funfun sórí ewé òdòdó tó ń dán, á sì sọ pupa ibẹ̀ di aláìlẹ́mìí. Ọjọ́ tí ìkùukùu bo ojú ọ̀run ni ọjọ́ pupa. Bí oòrùn bá le, ẹ fi ara yín ṣíji bo òdòdó náà, tàbí kí ẹ fi asẹ́ polarizer sẹ́nu lẹ́ǹsì, kí ẹ sì yí i títí dídán náà yóò fi kúrò lójú ewé. Lẹ́yìn òjò, nígbà tí ohun gbogbo bá tutù, ìyàtọ̀ tí asẹ́ yìí ń ṣe máa ń ya èèyàn lẹ́nu. Ẹ má sì dúró di àṣálẹ́. Purkyně, onímọ̀ ará Bohemia ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ṣàkíyèsí pé bí ilẹ̀ bá ń ṣú, òdòdó pupa ló ń kọ́kọ́ dúdú lójú èèyàn, nígbà tí ewé tó yí i ká ṣì mọ́lẹ̀. Kámẹ́rà kò ní àìlera yìí, nítorí náà pupa tí ẹ kò kà sí ní àṣálẹ́ lè hàn kedere nínú àwòrán, kí ó sì da ohun tí ẹ ní lọ́kàn rú.

Ìyọnu pupa kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù karùn-ún ọdún 1861, James Clerk Maxwell fi àwòrán aláwọ̀ kan han àwọn èèyàn ní Royal Institution ní Lọ́ńdọ́nù. Rìbọ́ọ̀nù aláwọ̀ oríṣiríṣi ni, Thomas Sutton sì ti yà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta, nípasẹ̀ asẹ́ pupa, ti àwọ̀ ewéko àti ti búlúù. Ohun tó jẹ́ ìyanu ni pé oògùn tí wọ́n fi ń ya àwòrán nígbà náà kò lè rí pupa rárá, síbẹ̀ pupa rìbọ́ọ̀nù náà hàn. Ó di ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, ní 1961, kí àwọn olùwádìí ní Kodak tó fi hàn pé aró pupa inú aṣọ náà tún ń dá ìtànṣán ultraviolet padà, pé ìtànṣán yìí ló gba inú asẹ́ pupa kọjá, òun ni oògùn náà sì rí. Ìmọ́lẹ̀ tí ojú èèyàn kò lè rí ló bá wọn ya pupa àkọ́kọ́ yẹn. Ọdún 1873 ni Hermann Vogel, ará Jámánì, rí i pé bí a bá fi aró díẹ̀ sínú oògùn àwòrán, a lè kọ́ ọ ní àwọ̀ tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ní ti ẹyẹ àti ẹranko tí ẹ ń yà, ó dára kí ẹ mọ ẹni tó ń rí pupa àti ẹni tí kò rí i. Ẹyẹ ń rí i dáadáa, kódà irú ohun agbàwọ̀ mẹ́rin ló wà nínú ojú wọn, nígbà tí ti èèyàn jẹ́ mẹ́ta. Oyin kò rí pupa bí àwọ̀, ó ń rí ultraviolet dípò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ òdòdó pupa ló jẹ́ pé ẹyẹ ni wọ́n ń pè, kì í ṣe oyin, nítorí náà ẹni tó bá dúró jẹ́ẹ́ nídìí òdòdó pupa tó ní oje lè rí ẹyẹ yà níbẹ̀ ju kòkòrò lọ. Ọ̀pọ̀ ẹran tó ń fún ọmọ lọ́mú, láti orí ajá dé orí màlúù àti àgbọ̀nrín, kò lè ya pupa sọ́tọ̀ kúrò lára àwọ̀ ewéko. Aṣọ pupa kọ́ ló ń bí akọ màlúù nínú, bí aṣọ náà ṣe ń mì ni. Ẹ lè wọ aṣọ pupa lọ ya àgbọ̀nrín láìséwu, ṣùgbọ́n ẹ má wọ̀ ọ́ lọ sọ́dọ̀ ẹyẹ. Bákan náà, iná pupa tí kò le jù kì í fi bẹ́ẹ̀ da ọ̀pọ̀ ẹranko òru láàmú, kì í sì í ba ojú tiyín tó ti mọ́ òkùnkùn lára jẹ́.

Ibi tí pupa ara ẹyẹ ti wá tún yẹ ní mímọ̀, nítorí pé ó ń sọ fún yín ìgbà tí kò yẹ kí ẹ fọwọ́ kan àwọ̀ nínú kọ̀ǹpútà. Oúnjẹ ni flamingo ti ń rí tirẹ̀, láti inú ewédò àti ẹ̀dá omi kéékèèké tó ń jẹ. Nínú agbo kan ṣoṣo, ẹ óò rí èyí tó pọ́n dẹ̀dẹ̀, ẹ óò sì rí ọmọ rẹ̀ tó ṣì rí bí eérú. Bí ẹ bá fi kọ̀ǹpútà sọ gbogbo wọn di pupa kan náà, ẹ ti pa ìtàn tí agbo náà ń sọ rẹ́. Odídẹrẹ́ kò gba tirẹ̀ láti inú oúnjẹ, ara rẹ̀ ló ń ṣe é fúnra rẹ̀. Ti àlùkò ló tún yani lẹ́nu jù lọ. Àwọn baba wa wí pé àlùkò ló lósùn, bàbà sì ni ohun tí onímọ̀ Arthur Church bá nínú osùn yìí nígbà tó yẹ̀ ẹ́ wò ní ọdún 1869: èròjà pupa tó wà nínú ìyẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní turacin, ní irin bàbà nínú. Inú ìyẹ́ apá ni pupa yìí wà, ó sì sábà máa ń fara pamọ́ nígbà tí ẹyẹ náà bá bà. Ẹ ti gbọ́dọ̀ yan ìyára tó bíi ìdá kan nínú 2000 ìṣẹ́jú-àáyá kí ó tó gbéra, torí bí ó bá ti na apá, pupa yẹn kò ní dúró dè yín.

Pupa ojú ọ̀run rọrùn ju ti òdòdó lọ. Nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń gba inú afẹ́fẹ́ tó nípọn kọjá, afẹ́fẹ́ yìí sì ń tú búlúù ká ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin ju bó ṣe ń tú pupa lọ, pupa ló sì ń kù tó ń dé ọ̀dọ̀ wa. Irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ náà ló ń pọ́n òṣùpá nígbà tí òjìji ayé bá bò ó. White balance aládàáṣe á máa rò pé àṣìṣe ni pupa náà, á sì máa gbìyànjú láti fọ̀ ọ́ kúrò. Ẹ yí i sí ti oòrùn ọ̀sán, kí ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀. Lábẹ́ omi, òdìkejì èyí ni, nítorí pé omi ń gbé pupa mì ṣáájú gbogbo àwọ̀ yòókù. Nígbà tí ẹ bá fi dé nǹkan bíi mítà mẹ́wàá nísàlẹ̀, ẹja pupa ti dà bí eérú, fíláàṣì tó wà nítòsí rẹ̀ nìkan ló sì lè dá àwọ̀ rẹ̀ padà.

Ó wá ku ìbéèrè yín kejì. Òótọ́ ni pé pupa ń fa ojú, ṣùgbọ́n èmi kò gbà pé kí ẹ máa wá a sínú gbogbo àwòrán, nítorí pé ohun tó ń fa ojú kò mọ ibi tó yẹ kó fà á sí. Ike pupa kékeré kan ní igun àwòrán lè gba ojú òǹwòran kúrò lára ẹni tí ẹ fẹ́ kí ó wò, bó ti wù kí ẹni náà rẹwà tó. Kí n tó tẹ bọ́tìnì, mo máa ń fi ojú yí etí àwòrán po lẹ́ẹ̀kan, pupa nìkan ni mo sì ń wá níbẹ̀. Bí mo bá rí i tí kò sì ní iṣẹ́ níbẹ̀, mo máa ń sún síwájú tàbí kí n yí ẹsẹ̀ padà. Pupa tó kéré láàárín àwọ̀ tó dákẹ́ lágbára ju pupa tó kún ojú àwòrán lọ. Ìrù odídẹrẹ́ lára ìyẹ́ aláwọ̀ eérú ló kọ́ mi ní èyí. Ẹ sì tún ṣọ́ ògiri àti agboòrùn pupa nítòsí ojú èèyàn, torí wọ́n ń da àwọ̀ wọn sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, kò sì rọrùn láti yọ ọ́ kúrò lẹ́yìn náà.

Ohun mìíràn tí mo máa ń ṣe ni pé mo ń sọ àwòrán náà di dúdú àti funfun fún ìṣẹ́jú kan. Lọ́pọ̀ ìgbà, èso pupa àti ewé tútù tó wà lẹ́yìn rẹ̀ yóò di eérú kan náà, èyí tó fi hàn pé àwọ̀ nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ṣe ń rí nìyẹn, tàbí ohun tó sún mọ́ ọn, lójú ẹni tí kò lè ya àwọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀, irú àìlera yìí sì wà lára nǹkan bí ẹni 8 nínú ọgọ́rùn-ún ọkùnrin tó jẹ́ ìran Yúróòpù. Bí ẹ bá wá ibi tí ẹ̀yìn èso náà ti ṣókùnkùn, gbogbo ojú ni yóò rí i.

Ẹ padà sídìí òdòdó yín ní òwúrọ̀ tí ìkùukùu bá wà. Ẹ yà á ní RAW lẹ́ẹ̀mẹ́ta láìyí ẹsẹ̀: ẹ fi ìmọ́lẹ̀ àkọ́kọ́ sílẹ̀ bí kámẹ́rà ṣe yàn án, ẹ dín ti ẹlẹ́ẹ̀kejì kù ní stop kan, kí ẹ sì dín ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta kù ní méjì. Nígbà tí ẹ bá ṣí wọn lójú kọ̀ǹpútà, ẹ sún mọ́ ewé òdòdó kan ṣoṣo nínú àwòrán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ẹ wo èyí tí iṣan rẹ̀ ti kọ́kọ́ padà. Iye tí ẹ dín kù nínú èyí ni kí ẹ fi máa bẹ̀rẹ̀ nígbàkigbà tí ẹ bá tún fẹ́ ya pupa.